Iṣu Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta

Mo ṣì lè fi imú mọ ọgbà iṣu bàbá mi láàárín ọgọ́rùn-ún ọgbà: eruku, màrìwò gbígbẹ, àti òórùn iṣu kan tó ń jẹrà níbi tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ẹ̀yìn ilé wa ní Ìlúpéjú-Èkìtì ló wà. Ibẹ̀ ni mo dúró sí láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí a sin ín, tí nǹkan kan kò sì ṣe mí. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ọ dáadáa. Kì í ṣe pé n kò fẹ́ràn bàbá mi. Ó dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé títí tó fi kú: o mọ̀ pé tìrẹ ni, o fọwọ́ kàn án, kò dá ọ lóhùn. N kò sunkún ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kò sunkún létí sàréè, ẹ̀rù sì ń bà mí pé àwọn èèyàn ti ń ṣàkíyèsí.

Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá mi fẹ́. Ti àkọ́kọ́ bí mẹ́rin, ìkejì bí méjì, ìyá mi tó ṣìkẹta bí èmi nìkan. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìfisìn nítorí pé Ìfisìn ló lọ́kọ sí, ló wá pín ogún. Ó ti sọ pé ìdí-igi lòun yóò fi pín in, ìyẹn ni pé ilé ìyá kọ̀ọ̀kan yóò gba ọgbọọgba, ì báà bí mẹ́wàá, ì báà bí ẹyọ kan. Iṣu la ó kọ́kọ́ pín. Bí iṣu bá ṣe lọ ni oko náà yóò ṣe lọ, oko yẹn sì ni ìyá mi fi ń jẹun.

Inú ẹ̀gbọ́n mi àgbà, ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́, tó wá láti Èkó, kò dùn sí i.

"Orí-ò-jorí ló dáa, Màmá. Orí méje la jẹ́. Báwo lẹnì kan ṣe máa gba ìpín èèyàn mẹ́rin?"

Màmá Ìfisìn ní kí a ka iṣu. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá kọjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá ìṣirò, ìwọ lo lọ yunifásítì. Ṣé ó ṣe é pín sí mẹ́ta?"

Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé iṣẹ́ tí mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ lọ́dún tí mo fi sin ilẹ̀ baba wa nìyẹn. Mo máa ń sọ fún wọn pé nọ́ńbà tó bá ṣe é tò sí ìlà ọgbọọgba, bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó máa ń jẹ́ ìlà mẹ́ta tí márùn-ún wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ́ḿpósíìtì ni. Èyí tó bá kọ̀ jálẹ̀, tí kò gbà ju ìlà kan gbọọrọ lọ, práìmù ni. Mo sì máa ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má fojú lásán dá a mọ̀, kí wọ́n fi méjì, mẹ́ta, márùn-ún àti méje dán an wò. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, n kò dán nǹkan kan wò. Mẹ́tàdínlógún, mẹ́tàdínlógójì, mẹ́tàdínláàádọ́ta, práìmù ni gbogbo wọn. Mo rò pé ọmọ ìyá kan náà ni èyí pẹ̀lú wọn.

"Kò ṣe é pín," mo wí. "Práìmù ni."

"Ẹ gbọ́ o!" Ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́. "Gírádúéètì ti sọ̀rọ̀. Orí-ò-jorí nìyẹn. Èyí tó bá ṣẹ́kù, kí Màmá máa gbé e lọ."

Mo wo ìyá mi. Ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé. Ó yé mi pé ẹnu ara mi ni mo fi ń gba oko lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yé mi, ṣùgbọ́n kò wọnú mi.

"Kí lo fọ̀?" Màmá Ìfisìn ló bèèrè ohun tí mo sọ, ní ohùn Èkìtì rẹ̀. "Ìwé lo kà. Usu kò kà á."

Ó fún ìró rẹ̀ le, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé iṣu kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún, ọ̀kan sẹ́bàá ògiri. "Ení, èjì, ẹ̀ta." Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Ení, èjì, ẹ̀ta." Ìgbà tí ilẹ̀ ṣófo, òkìtì mẹ́ta ló wà níwájú wa, mọ́kàndínlógún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ọmọ ulé ìwé, ṣé ó ku kan?"

"Rárá, mà."

"Ẹ kó o wọ ulé, jàre."

"Màmá, ẹ dá gírádúéètì yìí padà sí kíláàsì àkọ́kọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ńṣe ló dà bí ẹ̀rín ẹlòmíràn. Ọ̀nà mẹ́ta náà ni wọ́n pín oko sí.

Lọ́sàn-án, ìyá mi ní kí n pín iṣu tiwa sí méjì ọgbọọgba, ìdajì fún jíjẹ, ìdajì fún gbígbìn. Mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án, ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi. Lọ́tẹ̀ yìí mo dán mọ́kàndínlógún wò: méjì kò pín in, mẹ́ta kò pín in. Práìmù tòótọ́ ni. Mo dúró gbagidi, n kò mọ ibi tí mo máa gbé e sí.

"Ti bàbá rẹ nìyẹn," ìyá mi wí. "Gbé e wá, ká sun ún."

A fi epo jẹ ẹ́ nídìí àdògán. N kò sunkún, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ó jó mi lẹ́nu, ìyẹn sì ni ohun àkọ́kọ́ tí ara mi sọ fún mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti ronú sí i lọ́pọ̀ ìgbà, bóyá ohun tí mo ń fẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni pé kí ohun tí bàbá mi fi sílẹ̀ má ṣe é pín, kó wà lódidi bó ṣe wà. Ó ṣe é pín, gbogbo ilé sì gba tirẹ̀ ọgbọọgba. Ṣùgbọ́n nídìí igi tiwa, ọ̀kan ṣẹ́kù, a sì jẹ ẹ́ ní gbígbóná.