Àpótí tí Ìyá Ká-Sọ-Pé Kò Pa Dé

Ìyá Ká-Sọ-Pé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn, ó sì mọ̀. Lójíìkì ló ń kọ́ wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń fi lẹ́tà rọ́pò ọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń fi ọfà kékeré sọ pé bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, tọ̀hún náà á rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fìdí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ múlẹ̀, á ní, ẹ kọ́kọ́ gbà pé ti àkọ́kọ́ ti rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fa àpótí yí i ká. Ẹ máa rò ó lọ nínú rẹ̀ títí ẹ ó fi kan tọ̀hún. Lẹ́yìn náà, ẹ pa àpótí dé.

"Ohun tó wà nínú àpótí, inú àpótí ni kó jókòó sí. Àbá ni, kì í ṣe òtítọ́. Ẹni tó bá gbé e jáde, òdo ni mo máa fún un."

Ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ló ti gba òdo yẹn.

Nígbà tó ṣe, kókó kan yọ sí i lọ́mú, ó le bíi bọ́tìnì lábẹ́ aṣọ. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kó padà wá gbọ́ èsì. Ọjọ́ pé, ó ní òun ní ìpàdé. Nọ́ọ̀sì pè é lórí fóònù, ó dá a lóhùn pé òun ń bọ̀ lọ́la. Ọ̀la yẹn ń hu irùngbọ̀n. Òun tó máa ń gbàdúrà fún gbogbo ayé, títí kan mọ́tò aládùúgbò tó kọ̀ tí kò ṣíná, bó bá dórí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ṣe ló ń yí i po: "Olúwa, ohun tí O mọ̀ yẹn." Kò dárúkọ àrùn náà. Ẹ̀rù ń bà á pé bí ẹnu òun bá pè é, yóò jẹ́ ìpè.

Lọ́jọ́ kan, ó ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ó fa àpótí sójú pátákó, ó ní, "Ká sọ pé..." Ṣọ́ọ̀kì kán mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ká sọ pé kí ni, Màmá?" ọ̀gá kíláàsì bi í.

"Ká sọ pé ẹ máa lọ sílé."

Wọn ò jẹ́ kó tún un sọ.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ránṣọ, yà sílé rẹ̀, ó bá kọ́bọ́ọ̀dù ní ṣíṣí, aṣọ ní òkìtì òkìtì lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ìyá ti fi okùn dì wọ́n.

"Màmá, ẹ ń rìnrìn àjò ni?"

"Mo kàn ń tún ilé ṣe. Òkìtì yẹn àti báàgì aláwọ yẹn, tìẹ ni."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í yá mi ní báàgì yìí? Bàtà tuntun yìí náà ńkọ́?" Ó jókòó sórí òkìtì tirẹ̀. "Nọ́ọ̀sì ti pè mí. Nọ́ńbà mi lẹ fi ṣe ìkejì tiyín ní ilé ìwòsàn."

Ìyá tún okùn òkìtì kan so.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ àpótí yìí nídìí tábìlì ìjẹun, tí mò ń sunkún. Ẹ ti sọ ọ́ nínú ara yín pé òun ni. Ẹ ò pa àpótí dé. Ẹ wá ń ti ibẹ̀ pín bàtà. Òdo mélòó lẹ máa fún ara yín?"

Ẹ̀rín fẹ́ gbọ̀nà ẹnu ìyá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ló jáde. "Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi."

"Ó ń ba èmi náà. Ẹ jẹ́ ká fa àpótí náà dáadáa. Ká sọ pé òun ni."

"Dákẹ́."

"Ká sọ pé òun ni, Màmá. Kí ló kàn?"

Ìyá jókòó tì í. "Wọ́n á ní kí n wá gba ìtọ́jú."

"Tẹ́ ẹ ò bá lọ gbọ́ ńkọ́?"

"Kò sí ìtọ́jú." Ohùn olùkọ́ padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. "Nítorí náà, bó bá jẹ́ òun, àfi kí n lọ gbọ́."

"Ẹ pa á dé. Ká wá sọ pé kì í ṣe òun."

"Àfi kí n lọ gbọ́ náà ni, kí ẹ̀rù má baà ṣe èyí tí àrùn ò ṣe."

"Ìyẹn ni pé, ó jẹ́ òun tàbí kò jẹ́ òun..."

"Má kọ́ mi níṣẹ́ mi. Gbé báàgì aláwọ mi wá."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, òórùn oògùn ìfọlẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Ìyá di ojú, ó sì pe nǹkan náà lórúkọ fún ìgbà àkọ́kọ́: "Olúwa, bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, dì mí mú. Bí kì í bá ṣe jẹjẹrẹ, dì mí mú."

Dókítà kò fọ̀rọ̀ falẹ̀. "Màmá, òun ni. Ṣùgbọ́n kò tíì rìn jìnnà."

Ìyá di etí tábìlì mú. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó kàn ti wà nílẹ̀, wọ́n ti jọ rò ó débẹ̀.

"Ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú?"

Dókítà wò ó. "Ohun mìíràn làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ bèèrè."

"Mo ti ro ìyẹn tán nílé."

Bí wọ́n ti ń jáde, ọmọ mú un lápá, ó sì na ọwọ́ kejì. "Ẹ jẹ́ n bá yín gbé báàgì mi."

"Báàgì ta ni? Inú àpótí ni mo ti fún ọ. Kò kà."

Ìyá fi báàgì náà kọ́ èjìká ara rẹ̀.