Oko Àna Lójú Ọ̀nà Kika

Wọ́n ní àwọn tó ń fi okùn wọn ilẹ̀ lẹ́yìn ìlú fẹ́ tẹ́ irin sílẹ̀ kí ọkọ̀ máa sáré lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì wá bi mí léèrè ibi tó yẹ kí ó gbà. Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣì mú, bí wọ́n bá sì wá, ohun tí màá sọ fún wọn nìyí: odò kọ́, òkè kọ́ ló ń mú ọ̀nà lílà ṣòro. Ibi tí ilẹ̀ ẹnì kan parí sí, tí ti ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀, níbẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí mo ti la ọ̀nà rí, kí òyìnbó tó fẹsẹ̀ tẹ Tchaourou.

Òrí ni mo ń tà nígbà náà, mo sì ń ra iyọ̀ bọ̀. Ọkọ mi ti kú, ilé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, èmi ni mo sì ń ṣáájú àwọn obìnrin tó ń ru ẹrù jáde ní ìlú wa. Bí mo bá ní ká sọ̀, gbogbo wọn á sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹnì kan kò fi mí jẹ oyè yìí. Ohùn mi ló fi mí jẹ ẹ́.

Ọ̀nà kan ṣoṣo la ní lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Bàrìbá, ọ̀nà Tchatchou ni. Ẹni tó bá fẹ́ dé Kika, yóò kọ́kọ́ gòkè lọ sí Tchatchou, kó tó wá yà sí ìhà tí oòrùn ti ń yọ. Lójú ọ̀nà náà, àwọn ọmọ ọba tó ń gẹṣin a máa dá èèyàn dúró, wọ́n á tú ẹrù rẹ̀, wọ́n á mú èyí tó bá wù wọ́n, wọ́n á sì tún bú u pé ẹrù rẹ̀ kéré. Mo ti bá wọn jà níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mi ò borí rí, ṣùgbọ́n mi ò dákẹ́ fún wọn náà rí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí, ará Kika ló sì fẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà máa ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ wá ra iyọ̀ lọ́dọ̀ mi. Nígbà tó yá, mo rí i pé iyọ̀ tó ń rà ti pọ̀ ju èyí tí ilé kan lè jẹ lọ. Ìwà rẹ̀ dára, mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n mú ọmọ mi lọ, mo mọ̀ pé bí kò bá wá sọ́dọ̀ mi, mi ò ní rí i mọ́. Láàárín wa, ìyá ìyàwó kì í lọ jókòó sílé ọkọ ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá lọ, wọ́n á ní inú ìkòkò ló wá wò.

Kò pẹ́, ẹnì kan tó ti Kika bọ̀ wá sọ fún mi pé ọmọ mi ti lóyún. Oyún àkọ́kọ́, ilé ìyá la ti ń bí i lọ́dọ̀ wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lẹ́yìn náà ni mo wá rántí ọ̀nà Tchatchou, bó ti jìn tó, àti àwọn ẹlẹ́ṣin, inú mi sì bàjẹ́. N kò lè ní kí aboyún gba ibẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ni mo wí fún ara mi. A ó la òmíràn.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú baálẹ̀ wa lẹ́yìn ìrun Alásárì. Àwọn àgbà jókòó yí i ká lórí ẹní. Mi ò lọ lọ́wọ́ òfo, mo gbé obì dání, nígbà tí mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò yé wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í to obì náà sórí ẹní. Èyí ni Tchaourou. Èyí ni Tchatchou. Èyí ni Kika. Mo fi ìka fa ọ̀nà àtijọ́ láàárín wọn kí wọ́n lè rí bó ṣe ń lọ́ kiri bí ewúrẹ́ tí wọ́n lé jáde nílé. Mo wá fa ọ̀nà tèmi lọ tààrà.

Àgbà kan ní kí ọ̀nà náà gba Sanson, nítorí àbúrò rẹ̀ ń dáko níbẹ̀. Mo gbé obì kan kalẹ̀ fún Sanson, kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí i pé kò sí lójú ọ̀nà rárá. A ṣì ń jiyàn lọ nígbà tí baálẹ̀, tó ti ń gbọ́ tiwa láìsọ̀rọ̀, na ọwọ́, ó mú obì kan, ó là á, ó sì jù ú sẹ́nu.

Mo ní, "Baálẹ̀, Sanson lẹ jẹ yẹn."

Ó rún un tán kí ó tó dáhùn. Ó ní, "Ẹ rí i báyìí. Ọ̀rọ̀ Sanson ti kúrò nílẹ̀."

Àgbà tó ní àbúrò ní Sanson fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kí ni mo tiẹ̀ rò pé yóò ṣẹlẹ̀? A kì í gbé obì síwájú àgbà ká ní wíwò ni kó máa wò ó.

Mo sọ fún wọn pé bí ọ̀nà yìí bá là, iyọ̀ wa yóò dé Kika láìsí ẹni tó máa bù nínú rẹ̀, iṣu Kika yóò sì dé ọ̀dọ̀ wa kí ó tó bàjẹ́. Oko tí kò sí ẹni tó fẹ́ dá nítorí pé ó jìnnà sọ́jà, àwọn ọmọkùnrin yóò máa du ú mọ́ra wọn lọ́wọ́. Àwọn tó ń ti Ṣábẹ̀ bọ̀ yóò máa gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, wọn yóò sùn, wọn yóò jẹun, wọn yóò sì rajà. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbà gbọ́, gbogbo rẹ̀ ló sì ṣẹ. Ṣùgbọ́n mi ò fi tinú mi pamọ́ fún wọn. Mo ní, "Ọmọ mi lóyún lọ́hùn-ún. Mo fẹ́ kó wá bímọ nílé."

Baálẹ̀ wò mí. Ó ní, "Ìdí yẹn ló yé mi jù nínú gbogbo ohun tí o ti ń wí láti ọ̀sán."

Wọ́n ránṣẹ́ sí Kika. Àwọn náà ti ń ṣe wàhálà ọ̀nà Tchatchou, wọn kò sì jẹ́ kí oníṣẹ́ jókòó tán kí wọ́n tó gbà. Àdéhùn wa ni pé ìlú kọ̀ọ̀kan yóò ro ti ilẹ̀ tirẹ̀ títí dé ààlà.

Nígbà tí wọ́n wa iṣu tán, tí ọyẹ́ sì dé, àwọn ọmọ wa mú àdá. Èmi àti àwọn obìnrin tẹ̀ lé wọn, à ń dáná, à ń sọ ibi tó yẹ kí ọ̀nà gbà. Ibi tí mo bá ní kí wọ́n fi igi sílẹ̀ kí ẹlẹ́rù lè rí òjìji sọ̀ sí, wọ́n á fi í sílẹ̀. Mi kì í yára gbóríyìn fún ọkùnrin, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo bá bojú wẹ̀yìn tí mo rí ọ̀nà pupa náà tó nà lọ, àyà mi a máa fẹ̀.

Igi oṣè kan ló wà ní òpin ilẹ̀ wa. Ní òpin tiwọn, ọ̀gán ńlá kan tí ikán mọ ni. Láàárín oṣè àti ọ̀gán, igbó kan wà tí kò sí ẹni tó lè sọ bóyá tiwa ni tàbí tiwọn. Kò fẹ̀ púpọ̀. Bí ẹnì kan bá wúkọ́ lọ́hùn-ún, a ó gbọ́ ọ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀gún àti ìtàkùn ló dí i pa, aboyún kò sì lè gbà á.

Àwọn ọmọ wa ro dé ìdí oṣè, wọ́n nu àdá wọn, wọ́n jókòó. Àwọn ará Kika ro dé ìdí ọ̀gán, àwọn náà jókòó.

Ìdí rẹ̀ rèé. Lọ́dọ̀ wa àti lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ fi àdá kan igbó ló ni ilẹ̀ ibẹ̀. Bí a bá gé igi kan níbẹ̀, a ti gba ilẹ̀ wọn. Bí wọ́n bá gé e, wọ́n ti gba tiwa. Bí a bá sì ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n máa gé e, a ti jẹ́wọ́ pé tiwọn ni. Nítorí náà, gbogbo wọn ń ṣe ọmọlúàbí. Láràárọ̀, wọ́n á kí ara wọn gba inú igbó: ẹ kú iṣẹ́, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Wọ́n á kí ara wọn tán, wọ́n á wá jókòó ti ọ̀nà tó ti tán.

Oṣù kan wọlé, òmíràn jáde. Mo lọ bá baálẹ̀, ó ní kí n ní sùúrù. Mo ní oyún kì í ní sùúrù. Mo sọ ọ́ létí gbogbo ìlú pé ọmọlúàbí tí àwọn ọkùnrin yìí ń ṣe, òun ló dí ọ̀nà, kì í ṣe igbó.

Lọ́jọ́ kan, èmi, baálẹ̀ àti àwọn ọmọ wa wà ní ìdí oṣè, à ń jiyàn kan náà, nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan láti inú igbó.

"Ìyá."

Mo dá ohùn náà mọ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, ibo lo wà?"

"Ìdí ọ̀gán ni. Wọ́n ní ọ̀nà ti parí, ọkọ mi bá fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbé mi wá."

"Ó ti parí níbi tí o wà, ó sì ti parí níbi tí mo wà."

Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yìn ń ro mí láti àárọ̀. Mi ò rò pé mo lè padà."

Mo já àdá gbà lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó wà nítòsí mi. Baálẹ̀ di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Bí o bá gé e, ìjà ọdún púpọ̀ lo gé fún wa yẹn." Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, n kò sì tíì bínú sí òótọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ọkọ ọmọ mi wá kí mi láti ọ̀hún. "Ìyá, ẹ kú ìdúró o." Mo gbọ́ bí ewé gbígbẹ ṣe rún lábẹ́ àyà rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, bẹ́ẹ̀ ni kò rí mi, èmi náà kò rí i. Ohun tó mú ọkàn mi wálẹ̀ nìyẹn. Mo rántí pé àna mi ni.

Ọkùnrin tó bá gbé ìyàwó, yóò kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, wọn yóò lọ ro oko fún àwọn àna rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Kika. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ àna kò lè padà wá sọ pé òun ló ni ibi tí òun ro. Bó bá sọ ọ́, ìyàwó rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ọkọ ọmọ mi kò tíì ṣe tiwa, nítorí ọ̀nà jìn.

Mo ní, "Àna mi, iṣẹ́ àna rẹ ńkọ́?"

"Ìyá, ó wà lọ́rùn mi. Mo ń retí kí ọ̀nà là ni."

"Dìde nílẹ̀. Ibi tí o wà yẹn ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Máa ro ó bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

Ohùn àgbà kan dá sí i láti ọ̀hún. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Bí ó bá ro ó fún yín, ilẹ̀ náà di tiyín nìyẹn."

Kò purọ́. Mo yíjú sí àwọn ọmọ wa, mo ní ta ló fẹ́ ìyàwó ní Kika nínú wọn. Àwọn kan nawọ́. Mo ní, "Ẹ̀yin náà ẹ dìde. Ẹ máa ro lọ fún àwọn àna yín." Mo wá gbóhùn sókè sí àgbà náà. "Bàbá, àwọn tiyín ń ro fún wa, àwọn tiwa ń ro fún yín. Ẹ̀yin ń wí pé tiwa ni, àwa ń wí pé tiyín ni. Ta ló wá kù tó máa gbà á?"

Mo gbọ́ ẹ̀rín àgbà náà, ẹ̀rín ẹni tó ti ń wá ọ̀nà àtijáde tipẹ́. Ara baálẹ̀ wa náà rọ̀. Ó ní, "Obì dà?" Mo ní mi ò gbé ìlú kankan wá fún un jẹ lónìí.

Bẹ́ẹ̀ ni àdá bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ìhà méjèèjì. Ọmọ mi kò dúró kí wọ́n ro ó tán. Bí ojú àwọn tiwa àti tiwọn ṣe pàdé, ó ti tẹ̀ba gba abẹ́ ẹ̀ka igi kan, ọkọ rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú, ikùn rẹ̀ ló ṣáájú. Mo fẹ́ dúró jẹ́ẹ́ bí àgbà. Mi ò lè ṣe é, mo sáré. Inú mi dùn débi pé mo bú u, mo ní ta ló ní kí ó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pẹ̀lú irú oyún yẹn.

Obìnrin ló bí, nínú yàrá mi, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Igbó náà ni a ń pè ní Oko Àna láti ìgbà yẹn. Bí ọyẹ́ bá ti dé lọ́dọọdún, àwọn ọkọ ìyàwó láti ìhà méjèèjì ló máa ń ro ó, ẹnikẹ́ni kò sì tíì jà nítorí rẹ̀. Ẹrù ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Nígbà tí ara ọmọ mi le dáadáa, ó tó àkókò kí ó padà sílé ọkọ rẹ̀. Mo sìn ín. A ń sọ̀rọ̀, à ń rẹ́rìn-ín, títí a fi dé ìdí oṣè, mo sì dúró.

Ó rìn síwájú díẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé mi ò tẹ̀ lé òun. Ó yíjú padà. "Ìyá, kí lẹ dúró sí?"

"Ibi tí mo lè bá ọ dé nìyí. Èèyàn kì í lọ jókòó sílé ọkọ ọmọ ẹni."

Ó wo oṣè, ó wo ọ̀nà, ó wò mí. Ó ní, "Ìyá, ọmọlúàbí yìí náà ló ń dí ọ̀nà."

Ohùn mi ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń to obì sórí ẹní, bíbọ̀ tirẹ̀ nìkan ni mo ń rò. Mi ò fìgbà kan rò ó pé ẹsẹ̀ tèmi náà lè gba ọ̀nà yẹn lọ.

Kò bá mi jiyàn. Ó tú ọ̀já, ó gbé ọmọ náà pọ̀n mí, ó so ọ̀já náà le, ó gbé ẹrù rẹ̀ lórí, ó sì kọjú sí Kika, ó ń lọ. Ọmọ wà lẹ́yìn mi. Mo tẹ̀ lé e.