Kásẹ́ẹ̀tì Tí Mo Ta Òróró Sí

Títí di òní, mi ò lè fi òróró ólífì se nǹkan kan nínú ilé mi. Àwọn ọmọ mi rò pé dókítà ló ní kí n má jẹ ẹ́ mọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀, nítorí òtítọ́ ibẹ̀ ò dùn ún sọ.

Iṣẹ́ títọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn ni mò ń ṣe. Láràárọ̀, màá wa mọ́tò láti Stone Mountain lọ sí Morrow, lẹ́bàá Atlanta, sí ilé bàbá kan tí àwọn òbí wọn wá láti Mẹ́síkò. Àwọn àti ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀, ọmọ náà á sì jáde lọ síbi iṣẹ́ bí mo bá ṣe ń wọlé. Òyìnbó lèmi àti bàbá jọ máa ń sọ. Daddy ni mò ń pè wọ́n, bí a ṣe ń pe gbogbo ẹni tó bá ti lè bí wa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní àwọn ò rántí pé àwọn bí mi. Mo ní kò burú, ìyẹn ò ní kí wọ́n má lo oògùn wọn.

Àrùn jẹjẹrẹ ló wà lọ́fun wọn. Nígbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ wọn, ohùn wọn ti há, ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ́ àga lórí sìmẹ́ńtì. Dókítà ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa gé àpótí tí ohùn ti ń jáde lọ́fun wọn kúrò: ọjọ́ Ajé kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ọmọ wọn fi bírò pupa yí ọjọ́ náà ká lára kàlẹ́ńdà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, gbogbo ìgbà tí mo bá sì lọ bu omi ni mo máa ń rí i. Tó bá ti di ọjọ́ yẹn, bàbá yìí ò tún ní sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.

Akọrin ni wọ́n nígbà èwe wọn. Kì í ṣe orin tí ẹ̀yin tàbí èmi máa pè lórin o. Pọ́ńkì ni wọ́n ń pè é: gìtá tó ń ké bí ẹ̀rọ tó fẹ́ bàjẹ́, ìlù tó ń sáré, àti ẹnì kan tó ń fi gbogbo agbára pariwo. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n, ọmọ àwọn òṣìṣẹ́, ní apá ìlà oòrùn Los Angeles. Bàbá ló ń kọrin, àbúrò wọn ń lu ìlù, ọ̀rẹ́ wọn kan ń ta gìtá, ọmọbìnrin kan sì wà nídìí gìtá béèsì. Ẹ̀yìn ilé màmá wọn, níbi tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí, ni wọ́n ti ń dánra wò. Àwọn ilé ijó òyìnbó ò gbà wọ́n. Wọ́n ní ọmọ Mẹ́síkò kì í kọ irú orin bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lọ dé fìlà ńlá kí wọ́n wá kọrin ìfẹ́. Àwọn àgbàlagbà àdúgbò tiwọn náà ní ariwo ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó ni wọ́n ń yá, àwọn ọlọ́pàá sì máa ń wá tú wọn ká kí orin kẹta tó parí. Bàbá máa ń rẹ́rìn-ín tí ìtàn bá dé ibẹ̀. Èmi kì í rẹ́rìn-ín, nítorí mo ti mọ bó ṣe parí. Wọ́n dá onígìtá padà sí Mẹ́síkò, àbúrò wọn kú nínú ìjàǹbá mọ́tò, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí ọmọbìnrin yẹn wọlé sí. Bàbá nìkan ló wá iṣẹ́ kíkan òrùlé dé Atlanta.

Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni wọ́n gbà sílẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nínú kíṣìnì màmá wọn. Orin márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbì kankan. Ọmọ bàbá ti bá ọkùnrin kan ní Stockbridge sọ̀rọ̀, ẹni tó máa ń gbé ohun inú kásẹ́ẹ̀tì sórí kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin náà ní kó gbé e wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Bàbá ní ohun tí àwọn fẹ́ ò ju ìyẹn lọ: tí àwọn ò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, kí ohùn àwọn ṣì wà níbì kan.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn nínú rédíò wọn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, orí ń fọ́ mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ká ara mi mọ́ ibi tí mo ti ń fi ìgbálẹ̀ lu ilẹ̀ tẹ̀ lé orin kejì, tí mò ń fi èdè Sípáníìṣì tí mi ò gbọ́ kọrin, èmi odidi díákónẹ́ẹ̀sì. Inú bí mi sí ara mi. Mo lè fi fóònù mi gbà á sílẹ̀ nígbàkigbà, ṣùgbọ́n kò wá sí mi lọ́kàn. Ta ló ń gba ariwo sílẹ̀?

Orin karùn-ún ni mi ò lè fara mọ́. Ohùn obìnrin kan ló máa ń kọ́kọ́ wá, jẹ́jẹ́, tó ń sọ nǹkan kan lásọtúnsọ, bí ẹni ń pọfọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìlù á bú jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, ara mi bù máṣọ. Láti ìgbà náà, bí orin kẹrin bá ti ń parí, màá ti pa rédíò, màá ní àkókò oògùn ti tó. Bàbá kì í bá mi jiyàn.

Bí ọjọ́ náà ṣe ń sún mọ́lé, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bàbá ń tu ẹ̀jẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹyẹ kan wá forí sọ fèrèsé yàrá wọn, ó kú sórí koríko. Lọ́jọ́ kejì, òmíràn tún ṣe bẹ́ẹ̀. Mo pe Aunty tó ń darí ẹgbẹ́ àdúrà wa, mo rò gbogbo ẹ̀ fún wọn, títí kan ohùn obìnrin inú kásẹ́ẹ̀tì. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n rò ó tán.

"Something dey inside that tape," ni Aunty wí. "Ẹ̀mí kan ti so ohùn bàbá yẹn mọ́ ibẹ̀, that's why the throat is going. Ta òróró sí i kó tó di Monday. Má fi ṣeré o, anoint everything."

Màá purọ́ tí mo bá ní Aunty ló tì mí. Mo ti fẹ́ ṣe é kí n tó pè wọ́n.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, bàbá sùn lọ lórí àga. Mo yọ ìgò òróró ólífì tí mo fi ń gbàdúrà nínú báàgì. Mo fi ṣe àmì àgbélébùú sára ìlẹ̀kùn, sára ìrọ̀rí, sára rédíò. Nígbà tí mo dé orí kásẹ́ẹ̀tì, mo rò pé ìka kan ò ní tó fún ohun tó ń jẹ èèyàn lọ́fun. Mo da ìgò náà sí ojú ihò méjèèjì, mò ń gbàdúrà, mò ń sunkún, nítorí mo fẹ́ràn bàbá yẹn. Lẹ́yìn náà mo fi tíṣù nu ara rẹ̀ dáadáa, mo dá a padà sínú páálí rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Mo jókòó, mo jẹ búrẹ́dì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bàbá ní kí n fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ kí n jókòó. Wọ́n ní àwọn ti rí i pé mo máa ń sá fún orin karùn-ún, pé lónìí a jọ máa gbọ́ ọ. Wọ́n wá fi ìwọ̀nba ohùn tó kù sọ fún mi pé màmá àwọn lobìnrin tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n tó lọ kọrin níbikíbi, màmá yẹn máa ń fọwọ́ lé wọn lórí nínú kíṣìnì, á máa bẹ Ọlọ́run pé kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà wálé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba orin sílẹ̀, àbúrò wọn ti tẹ ẹ̀rọ kí màmá tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sọ fún un. Kò sí ibòmíràn tí ohùn màmá náà wà láyé.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká fi í di ọjọ́ mìíràn. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.

Ó dún díẹ̀, pẹ̀lú ohùn tó ń lọ́, tó ń rì, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ okùn inú rẹ̀. Bàbá fà á jáde. Ó ká kò, àwọ̀ ara rẹ̀ sì ń ṣí sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n gbé ìka wọn sí imú, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n wá wò mí.

"Kí lo fi sí i?"

"Òróró àdúrà ni, Daddy."

"Màmá mi náà máa ń wọ́n omi mímọ́ sí gìtá wa," ni wọ́n wí. Wọ́n sinmi kí wọ́n tó lè parí rẹ̀. "Ṣùgbọ́n omi máa ń gbẹ."

Nígbà tí ọmọ wọn dé láti ibi iṣẹ́, bàbá sọ fún un pé ẹ̀rọ ló jẹ ẹ́. Mo dúró níbẹ̀, mo gbọ́, mi ò sì la ẹnu mi. Ó ṣì gbé e lọ sí Stockbridge lọ́jọ́ kejì. Ọkùnrin yẹn ní kò sí ohun tí òun lè rí gbà níbẹ̀ mọ́.

Àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tí bàbá padà sílé, ihò kan wà lọ́rùn wọn tí wọ́n fi ń mí, wọ́n sì ní pátákó funfun kékeré kan tí wọ́n fi ń kọ̀wé. Ilé náà dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ èémí inú ihò yẹn láti kíṣìnì. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú bírò ni mò ń rò pé ọ̀rọ̀ òróró yẹn ni wọ́n fẹ́ kọ. Omi ni wọ́n máa ń kọ. Tàbí kí n ṣí fèrèsé.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n yí pátákó náà sí mi: Kọrin.

Mo béèrè orin wo. Wọ́n nawọ́ sí páálí kásẹ́ẹ̀tì, tó ti ṣófo. Mo lọ ti ìlẹ̀kùn bí ẹni fẹ́ jalè, mo sì bẹ̀rẹ̀ orin àkọ́kọ́, mo pariwo rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Wọ́n ń fọwọ́ lu tábìlì. Níbi tí mo bá ti ṣì í, wọ́n á tún un lù títí màá fi bọ́ sójú ọ̀nà. Orin kejì, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, gbogbo ẹ̀ ló wà lórí mi. Ojú wọn ń tàn. Mo ti ń rò ó pé bóyá Ọlọ́run ti dárí jì mí.

Bí ẹ̀kẹrin ṣe parí, ọwọ́ mi lọ fúnra rẹ̀ síbi tí rédíò wà, bí mo ṣe máa ń pa á. Wọ́n rí i. Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lórí tábìlì, wọn ò lù ú mọ́. Wọ́n dijú, wọ́n tẹ orí ba díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbọ́wọ́ lé lórí. Mo yanu, ṣùgbọ́n mi ò mọ ọ̀rọ̀ kan nínú àdúrà yẹn. Wọ́n ṣì ń dúró de màmá wọn.