Ọrùn Ọwọ́ Ìyá Mi

Iyọ̀ ń ta pàràpàrà nínú ìkòkò amọ̀, òórùn òrí yíyọ́ sì ti gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ìyá àgbà tó múlé gbè wá jókòó lórí àpótí, ó ń fi igi ro iyọ̀ náà títí ó fi pọ́n díẹ̀. Ó dà á sínú aṣọ mímọ́, ó dì í, ó sì kọ́kọ́ gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Ìgbà tí ó rí i pé kò ní jóni ni ó tó fa ọwọ́ ọ̀tún ìyá mi mọ́ra.

Ìyá mi ń fọ́ òkúta nísàlẹ̀ òkè. Ojoojúmọ́ la máa ń gbọ́ òòlù àwọn obìnrin lára àpáta, kó, kó, kó, bí agogo ìsìn àárọ̀ bá ti dákẹ́. Lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú. Kò lè fún aṣọ mọ́, kò lè di irun mi. Bí ó bá fẹ́ mumi, ọwọ́ méjèèjì ni ó fi ń gbé ife.

Ìyá àgbà á fi òrí pa á láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́, á tẹ iyọ̀ gbígbóná náà mọ́ ọn, á gbé e kúrò, á tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà á fi ewé lárà tí ó ti rọ̀ lórí iná wé e. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi ni mò ń fẹ́ná.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ọwọ́ tí wíwú rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ tún wú padà. Ìyá àgbà wò ó pẹ́.

"O padà sídìí òkúta."

Ìyá mi tẹríba. "Bàbá ọmọ mi ti ṣèlérí ẹ̀kún ọkọ̀ òkúta kan fún ẹni tó ń kọ́lé, Ìyá. Ọjọ́ ti ń lọ."

"Mò ń tún un ṣe láàárọ̀, ò ń bà á jẹ́ lọ́sàn-án."

Ó bu omi pa iná. Mo rò pé ó ti kọ̀ wá sílẹ̀ nìyẹn. Àṣé ilé wa ni ó ń lọ. Bàbá mi ń pọ́n àdá lọ́wọ́. Ó dìde, ó kí i, ó gbé àga fún un. Ìyá àgbà kò jókòó. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ síwájú bàbá mi. Ọrùn ọwọ́ náà kò ṣe é tẹ̀, àwọn ìka rẹ̀ sì ti ká wọnú. Ọjọ́ ogbó ni mo máa ń rò pé ó fà á.

"Ìdí ọlọ ni tèmi ti bàjẹ́," ó ní. "Wọ́n ń wò mí, mo sì ń padà sídìí ọlọ. Kò sẹ́ni tó bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Èmi wá bá ọ sọ ọ́."

Bàbá mi gbé àdá tó ń pọ́n sílẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo gbọ́ òòlù kan nísàlẹ̀ òkè tó wúwo ju tàwọn obìnrin lọ. Bàbá mi ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe kí ó tó lọ sí oko rẹ̀ ní Lèma, títí ẹ̀kún ọkọ̀ náà fi pé.

Ìyá mi kò fọ́ òkúta mọ́. Ó pẹ́ kí ọwọ́ náà tó san, kò sì lè gbé ẹrù wúwo mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n òun ló di irun mi nígbà tí mo fẹ́ gba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ìyá àgbà ti lọ tipẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí báyìí, lábúlé kan nítòsí Kpingni. Nígbà mìíràn, lẹ́yìn tí mo bá ti tọ́jú aláìsàn tán, mo máa ń tẹ̀ lé e délé, kí n bá ẹni tó ń rán an níṣẹ́ tó ń pa á lára sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù a máa bà mí. Mo ṣì ń lọ.