Nígbà Tí Ẹ̀rọ Kọ Ìka Ìyá Mi

Bí o bá wọ àgbàlá ìyá mi ní Olúpọ̀nnà láàárọ̀, òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ, kí èéfín igi tó dé, kí o tó gbọ́ ohùn àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń yan gàrí níbẹ̀. Òórùn náà máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ ní Ìwó, àwọn ọmọ kíláàsì mi á ti mọ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè pé ilé ni mo ti ń bọ̀. Iṣẹ́ yẹn ni ìyá mi fi tọ́ èmi àti àbúrò mi obìnrin. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á kù ú, wọ́n á jókòó ti agbada gbígbóná, wọ́n á sì máa fi igbá yí gàrí náà títí oòrùn á fi kan àtàrí. Mi ò fara balẹ̀ wo ọwọ́ wọn rí láti mọ ohun tí iṣẹ́ náà ti fi ṣe. Ta ló tilẹ̀ máa ń wo ọwọ́ ìyá rẹ̀?

Àbúrò mi ti ń gbé lókè òkun láti ìgbà tó ti ṣègbéyàwó. Ó pẹ́ kó tó rí oyún. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyá mi fi gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ń lọ, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà á lójú wọn. Nígbà tí oyún náà wá dúró, tí dókítà sì ní kí àbúrò mi máa sinmi gidigidi, ohun kan ṣoṣo ló tọrọ lọ́wọ́ mi lórí fóònù: “Ẹ bá mi wá bí Màmá ṣe máa dé ibí. Mi ò fẹ́ bí ọmọ yìí láàárín àjèjì.” Ìyá mi, tí wọn ò kọjá Ìbàdàn rí, bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọ́fíìsì tí a ti lọ ṣe ìwé ìrìnnà kún fọ́fọ́. Ìró àti bùbá tí wọ́n fi ń lọ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ni ìyá mi wọ̀. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì ní kí wọ́n gbé ìka lé gíláàsì kékeré tó wà lórí ẹ̀rọ kan. Ẹ̀rọ náà ké, iná pupa sì tàn. Wọ́n tún gbé ìka náà lé e, pupa náà ni. Ọmọbìnrin náà fi aṣọ nu gíláàsì, ó nu ìka wọn, síbẹ̀ kò yí padà.

“Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i.”

Ìyá mi fi gbogbo agbára wọn tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó tò sẹ́yìn wa ti ń kùn. Ọkùnrin kan sọ ọ́ síta pé kí wọ́n sún ìyá àgbà yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí iṣẹ́ lè máa lọ. Ìgbà náà ni mo tó di ọwọ́ ìyá mi mú, tí mo wò ó. Orí àwọn ìka náà ń dán bí inú àwo. Iná àti ẹ̀gẹ́ ti pa ilà tó wà níbẹ̀ rẹ́.

Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ jáde wá, ó gba ọwọ́ náà, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó ní ilà ìka kì í sábà parẹ́ pátápátá, pé bí ọwọ́ bá sinmi, ó lè tún yọ. “Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ iná, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bó ẹ̀gẹ́. Kí wọ́n máa fi òrí pa á. Ẹ padà wá lóṣù tó ń bọ̀.” Nínú ọkọ̀, ìyá mi ń yí ọwọ́ wọn wò síwá sẹ́yìn títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Ìwó. Wọ́n wá ní, “Ṣé gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe yìí ló wá sọ mí di ẹni tí wọn ò mọ̀?”

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti tún jókòó sídìí agbada. Mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́. Ọ̀rẹ́ wọn kan ló gbà mí sílẹ̀. Ìyá yìí jẹ́ ẹlẹ́sìn òrìṣà, òun àti ìyá mi sì ti ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹ̀sìn láti ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọge, láìjẹ́ pé wọ́n fi ọjọ́ kan bínú síra wọn. Ó gba igbá lọ́wọ́ ìyá mi. “Bí mo bá tún rí ọwọ́ rẹ nínú agbada yìí,” ni ó wí, “mo máa dè ọ́ mọ́ àpótí tí o jókòó lé yẹn.” Àwọn obìnrin tó kù rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pín iṣẹ́ ìyá mi mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Láràárọ̀ ni ọ̀rẹ́ yìí ń gbé òrí wá láti ilé rẹ̀, tó ń fi pa ìka ìyá mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń tọ́jú ọmọ jòjòló. Èmi ń fọṣọ, mo ń fọ àwo lópin ọ̀sẹ̀. Ìyá mi jókòó sórí àpótí pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun lọ́wọ́, wọ́n ń pàṣẹ fún gbogbo wa, àwọn ọmọdé àdúgbò sì ń pè wọ́n ní dókítà.

Nígbà tí a padà dé ọ́fíìsì náà, mi ò lè wo ẹ̀rọ. Ojú ìyá mi ni mo ń wò. Mo rí i tí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, mo sì gbọ́ tí ọmọbìnrin náà rọra sọ pé, “Ó ti gbà á, Màmá.” Ìka kejì wọlé, ẹ̀kẹta wọlé. Ìyá mi na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé, àwọn ènìyàn tí mi ò mọ̀ rí sì pàtẹ́wọ́ fún wọn. Nígbà tó kan físà, a ò janpata rárá.

Àbúrò mi ti sanwó fún ètò kan kí ìyá mi má baà tò sórí ìlà. Ní pápákọ̀ òfurufú, òṣìṣẹ́ kan ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà, ó gba ẹrù lọ́wọ́ wọn, ó sì mú wọn gba ọ̀nà ọ̀tọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oníkóòtù tí wọ́n tò gbọọrọ. Ìyá mi bojú wẹ̀yìn. “Ṣé àwọn wọ̀nyí ò ní bínú sí mi?” Mo ní kí wọ́n máa lọ. Ẹ̀yìn gíláàsì ni mo dúró sí, tí mò ń wo gèlè wọn títí mi ò fi rí i mọ́.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé gbàrà tí físà ti jáde ni ìyá mi ti padà sídìí agbada. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ tún kọ ìka wọn. Àwọn fúnra wọn ló ròyìn rẹ̀ fún mi lórí fóònù, ohùn wọn sì le koko. “Àyà mi ò já. Mo na ọwọ́ mi sí ọkùnrin tó wà níbẹ̀. Mo fi Yorùbá sọ fún un pé iṣẹ́ ló ṣe ìka mi bẹ́ẹ̀. Ó wò wọ́n, ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ júwe pé kí n wo inú kámẹ́rà kan. Mo wò ó, òun náà wò mí. Ilẹ̀kùn sì ṣí.” Àbúrò mi ń dúró ní òdìkejì ilẹ̀kùn náà, pẹ̀lú ikùn rẹ̀ gbẹ̀ǹdù. Ó bí ọmọbìnrin láìséwu, ìyá mi ló sì kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo wà níbi tí wọ́n ti ń forúkọ ará ìlú sílẹ̀ ní Ìwó. Wọ́n dá bàbá àgbà kan padà, bíríkìlà láti Kuta, wọ́n ní ìka wọn ò wọlé. Bàbá náà ti ń wọ bàtà wọn láti máa lọ. Mo dìde, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní kí wọ́n jókòó. Mo wá yíjú sí àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ, mo ní, “Ojú wọn ń bẹ. Ẹ fi ojú wọn ṣe é, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ ló jẹ ìka wọn.” A fi bíi wákàtí kan fa ọ̀rọ̀ náà, ohùn mi ò sì rẹlẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí ẹ̀rọ bá ní òun ò mọ ènìyàn, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ní báyìí mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ló kù tí kò tíì mọ̀ ọ́n, ìyẹn sì ní àtúnṣe. Bàbá náà gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ tiwọn kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀.