Pẹ́jò Tí Yóò Jẹ́ Orúkọ Liamidi

Nígbà tí wọ́n sọ Pẹ́jò náà kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ òkun ní Kútọnu, tí wọ́n sì wọ́ ọ dé àdúgbò Houinmè ní Àjàṣẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, Liamidi kò sáré lọ fọwọ́ kàn án. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò ó bí ẹni tí ń wo àna rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọkọ̀ funfun ni, 404 ẹlẹ́yìn gígùn, ó sì dàgbà ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ó kóra jọ yí i ká lọ.

Sikiratou, ìyàwó rẹ̀, ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá Naïmath, ṣé ẹ ò ní kí i káàbọ̀ ni?"

"Mò ń kí i."

"Ẹnu yín ò mì."

"Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ kì í fi ẹnu kí i."

Láti ìgbà èwe rẹ̀ títí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́, Liamidi wa tásí láàárín Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, 404 ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ tí ó fi ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni gbogbo wọn. Ọlọ́kọ̀ a kú, àwọn ọmọ rẹ̀ a pín ogún, Liamidi a sì wà lórí àga awakọ̀ bí ohun tí a jogún mọ́ ọkọ̀. Ó mọ ihò tó wà lójú ọ̀nà náà bí ẹni mọ eyín ẹnu rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ìwé ọkọ̀ kankan ní gbogbo ayé tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Naïmath, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú Lyon nílẹ̀ Faransé. Ọ̀kan nínú wọn ni ó kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì mọ ohun tí wọn yóò fi ọkọ̀ àtijọ́ tó wà nínú ọgbà rẹ̀ ṣe. Wọ́n ní kí Naïmath mú un bí ó bá wù ú. Ó sì wù ú. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ lórí tẹlifóònù pé, "Ẹ̀yin lẹ ó ni ín o, Bàbá. Orúkọ yín ni kí wọ́n kọ." Gbólóhùn yìí ni Liamidi ń gbé sùn, òun náà ni ó ń gbé jí.

Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Hervé, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa bá àwọn ènìyàn gba ẹrù wọn lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè, ni ó jókòó ti Liamidi tí ó sì là á yé e.

"Bàbá, ọkọ̀ tó ti dàgbà tó yìí ò lè gba nọ́ńbà bí ọkọ̀ tí a fi ń ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀nà kan ló kù: kí a kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọkọ̀ àtijọ́, irú èyí tí a ń tọ́jú nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá gbà á, orúkọ yín dé orí ìwé. Bí ó bá kọ̀ ọ́, wọ́n á wá gbé e, wọ́n á sì gé e."

"Wọ́n á gé e bí ẹran?"

"Bí irin, Bàbá."

"Kí ni òṣìṣẹ́ náà fẹ́ rí?"

"Ó fẹ́ rí ọkọ̀ àtijọ́ gidi. Ẹ má fi nǹkan ìgbàlódé kankan sí i lára."

Ọkàn Liamidi balẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n fẹ́ rí ni 404 ayé àtijọ́, ta ni yóò fi hàn wọ́n bí kò bá ṣe òun?

Ní ọjọ́ kejì ó yí ọkọ̀ náà ká, ó sì mi orí. Ìdí rẹ̀ wálẹ̀ bí ìdí ajá tí a jágbe mọ́. Kò sí gálẹ́rì lórí rẹ̀, irin tí a ń di ẹrù mọ́ lókè òrùlé. Ìjókòó kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́yìn, níbi tí ó yẹ kí méjì wà. Gbogbo 404 irú èyí tí ojú Liamidi ti rí ní Àjàṣẹ́ ni ìdí wọn máa ń ga ju orí lọ, bí adìẹ tí ń ṣa ọkà, kí wọ́n má baà fi ikùn wọ́lẹ̀ nígbà tí èrò, àgbọ̀n àti ewúrẹ́ bá kún inú wọn. Kò rí òmíràn rí. Lójú tirẹ̀, ṣe ni àwọn òyìnbó tú gbogbo nǹkan wọ̀nyí kúrò lára ọkọ̀ náà kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, ó sì di dandan kí a dá wọn padà kí òṣìṣẹ́ tó dé.

Ó lọ sọ́dọ̀ Souaïbou. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ ń ṣe ọ̀rẹ́. Ajórinmọ́rin ni Souaïbou, òun ni ó sì gbé ìdí ọ̀pọ̀ tásí Àjàṣẹ́ sókè láyé ìgbà náà. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n báyìí, ó sì ti ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tí ó rí Pẹ́jò náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó sì dìde pẹ̀lú ìbínú.

"Ta ló ń wa ọkọ̀ yìí tẹ́lẹ̀?"

"Òyìnbó arúgbó kan. Naïmath ní ó máa ń fi lọ ra búrẹ́dì."

"Búrẹ́dì! 404 tó lè ru ilé! Liamidi, ìyà jẹ ẹ̀dá yìí o." Ó fi ọwọ́ gbá òrùlé ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́. "Fi í sílẹ̀ fún mi."

Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ padà nítorí ọkọ̀ kan ṣoṣo yìí. Ó yọ àwọn rẹsọ́ọ̀ ẹ̀yìn, ìyẹn irin lílọ́ tí ń gbé ìdí ọkọ̀ ró, ó sì fi àwọn tí ó ga, tí ó nípọn, rọ́pò wọn. Ó ro gálẹ́rì, ó jó o mọ́ etí òrùlé. Ó kan ìjókòó gbọọrọ kan sí ẹ̀yìn pátápátá. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n jù, a dúró, a fẹ́ atẹ́gùn sí ìka rẹ̀, a bú àwọn ọ̀dọ́ òde òní tí wọn kò mọ iṣẹ́, a sì tún bẹ̀rẹ̀. Àṣà àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ Àjàṣẹ́ ni pé ohun tí a bá tú kúrò lára ọkọ̀, ti oníṣẹ́ ni. Nítorí náà, Souaïbou kó àwọn rẹsọ́ọ̀ àtijọ́ náà, ó sì tà wọ́n fún ẹni tí ń ra àlòkù irin. Nígbà tí ó parí, Pẹ́jò náà gbé ìdí sókè láàárín agbo ilé. Liamidi wò ó títí, ó sì fi etí agbádá nu ojú.

Màdáámù Reine ni òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán wá. Obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ni, ọmọ Ègùn tí a bí ní Àjàṣẹ́, tí ó sì ń sọ Nàgó, ìyẹn Yorùbá Àjàṣẹ́, bí ẹni tó ti bá àwọn elédè náà gbé pẹ́. Ó kí àwọn àgbà, ó yí ọkọ̀ náà ká, lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá! Irú ọkọ̀ yìí gan-an ló máa ń gbé ìyá mi àgbà lọ Kútọnu. Orí gálẹ́rì báyìí ni wọ́n máa ń gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí."

"Ẹ ṣé, Màdáámù," ni Liamidi wí, eyín rẹ̀ sì hàn. "Mo ní kí ẹ rí ojúlówó."

Ẹ̀rín kúrò lójú Reine. Ó mú àwòrán kan jáde nínú tẹlifóònù rẹ̀: 404 ẹlẹ́yìn gígùn ni, tuntun, ní iwájú ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é; òrùlé rẹ̀ mọ́, ìdí rẹ̀ wálẹ̀.

"Báyìí ni wọ́n ṣe bí i. Òun ni òfin ní kí n wò. Àwọn tí ẹ mọ̀ yẹn, Àjàṣẹ́ ló tún wọn ṣe, lẹ́yìn tí wọ́n dé. Bí mo bá kọ ohun tí mo rí lónìí, wọ́n á gbé e lọ."

Liamidi gba tẹlifóònù náà, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ó fi wa ọkọ̀ yìí, kò sì mọ̀ pé báyìí ni ó rí kí ó tó dé Àjàṣẹ́.

"Mi ò tíì kọ nǹkan kan o, Bàbá," ni Reine wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Mò ń padà bọ̀ lẹ́yìn Iléyá."

Ohun tí ó ń dààmú Liamidi kì í ṣe iṣẹ́ dídá ọkọ̀ náà padà sí bí ó ti wà. Ta ni yóò lọ sọ fún Souaïbou? Ó jókòó sínú ọkọ̀ náà, ó gbé ọwọ́ lé ìdarí rẹ̀, kò lọ síbì kankan. Sikiratou gbé oúnjẹ wá bá a níbẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ní kó ṣe é," ni ó wí. "Ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ ní kó tú u."

"Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, Ìyá Naïmath. Bóyá kò tún ní jó irin mìíràn mọ́ láyé rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá gé e, nígbà náà. Á dùn mọ́ ọn gan-an ni."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó tẹ̀lé Souaïbou délé. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti orí àgbò Iléyá, ó gba ti òjò, ó gba ti ẹ̀yìn tí ń dun àna rẹ̀. Souaïbou jẹ́ kí ó sọ ọ́ tó.

"Obìnrin náà kọ ọkọ̀ wa, àbí?"

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Houinmè la wà. Gbogbo ayé ló ti gbọ́. Ìwọ ni mò ń retí." Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ó ní ìjórin mi ò dán ni?"

"Ó ní ó dára. Ó ní bí ti ìyá òun àgbà ló rí."

"Ó lójú, nígbà náà." Ó yíjú padà sí i. "Ó dáa, kí lo fẹ́? Kí ìdí ọkọ̀ ga, àbí kí orúkọ rẹ wà lórí ìwé?"

"Mo fẹ́ méjèèjì."

"Wèrè!" Souaïbou rẹ́rìn-ín dé ibi tí ó fi ń wúkọ́. Lójijì, ó di orí mú. "Liamidi, àwọn rẹsọ́ọ̀! Mo ti tà wọ́n."

Wọ́n gun sẹ́mijàn méjì, ìyẹn ọ̀kadà, lọ bá Abdel, ẹni tí ó rà wọ́n, ní ọgbà rẹ̀ lójú ọ̀nà Avrankou. Ilẹ̀ ọgbà náà mọ́ fefe. Abdel ní ọkọ̀ ti kó gbogbo irin lọ lánàá. Liamidi jókòó lórí táyà kan tí ó wà níbẹ̀. Ṣé orí ohun tí òun fẹnu ara òun ní kí wọ́n tú ni ohun gbogbo yóò parí sí?

"Irú irin wo lẹ ń wá gan-an?" ni Abdel béèrè.

"Rẹsọ́ọ̀ Pẹ́jò," ni Souaïbou dáhùn. "Èyí tó lọ́ bí ìwo àgbò."

"Áà, àwọn olóríkunkun yẹn! Wọn ò gbọ́ gígé. Mo fi ti ilẹ̀kùn." Ó na ìka sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé. Àwọn rẹsọ́ọ̀ náà ni ó ti apá ìhín àti apá ọ̀hún ilẹ̀kùn ọgbà mọ́ ògiri, kí afẹ́fẹ́ má baà gbá a dé. Souaïbou gbá ọ̀kan mọ́ àyà bí ọmọ tí ó sọnù.

Wọ́n dá àwọn rẹsọ́ọ̀ náà padà sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n yọ ìjókòó gbọọrọ ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n títú gálẹ́rì ni ó le jù. Bí ẹ̀rọ tí a fi ń gé irin bá yà díẹ̀, yóò gé òrùlé ọkọ̀ náà. Wọ́n bẹ Souaïbou pé kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é. Ó ní ẹni tí ó bá fọwọ́ kan iṣẹ́ òun, òun àti onítọ̀hún nìyẹn. Nígbà tí ó gbé ẹ̀rọ sókè tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, Liamidi gun àpótí, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"O ò gbọdọ̀ tì mí o."

"Mi ò tì ọ́. Máa gé e."

Báyìí ni wọ́n ṣe é, wọ́n ń fi ọwọ́ kan náà gé e, ìpẹ́pẹ́ iná sì ń ta sí wọn lára, títí irin náà fi jábọ́. Òrùlé náà kò ní ju ojú àpá kéékèèké lọ. Souaïbou ru gálẹ́rì rẹ̀ lọ sílé.

Lẹ́yìn Iléyá, Màdáámù Reine padà wá. Ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó wo òkè, ó fi ìka tọ ojú àpá wọ̀nyẹn, kò sì bi wọ́n léèrè. Ó buwọ́ lu ìwé àyẹ̀wò. Ó kìlọ̀ fún Liamidi pé ọkọ̀ tí a bá kọ sílẹ̀ báyìí kò gbọdọ̀ gbé èrò gba owó. Nígbà tí ìwé náà jáde, Liamidi kò kà á sókè. Ó gbé e fún Sikiratou, Sikiratou gbé e fún aládùúgbò tí ó mọ̀wé, ẹni yẹn sì ka orúkọ Liamidi jáde ketekete. Liamidi ní kí ó tún un kà.

Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wà á jáde, wọ́n lọ kí àbúrò Sikiratou ní Avrankou. Ọkọ̀ náà rìn nílẹ̀, ó ń fi ikùn gbo iyanrìn, Liamidi sì ń ráhùn lórí gbogbo gegele. Bí wọ́n ti ń padà bọ̀, obìnrin àgbàlagbà kan tí ó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà na ọwọ́. Kí Liamidi tó rò ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ búréèkì.

"Àjàṣẹ́?" ni obìnrin náà béèrè.

"Àjàṣẹ́ ni. Ẹ wọlé, Ìyá."

Sikiratou wò ó. Ó bọ́ sílẹ̀, ó bá obìnrin náà gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọjà, obìnrin náà tú etí aṣọ rẹ̀ láti sanwó. Liamidi ní òun kò gbà.

"Áà, awakọ̀, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ọlọ́kọ̀ á bá yín jà o."

"Èmi ni ọlọ́kọ̀."

Obìnrin náà wo ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó wo fìlà Liamidi, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín máa ń wí."

"Ẹ mú ìwé jáde fi hàn án," ni Sikiratou sọ láti inú ọkọ̀, ara rẹ̀ gbóná.

"Jẹ́ kó máa lọ, Ìyá Naïmath."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó ṣa tòmátì tí ó pọ́n jù nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì tò wọ́n sórí àga ẹ̀yìn.

"Ẹ bá mi kó wọn fún ọlọ́kọ̀," ni ó wí. "Ẹ ní mo dúpẹ́."

Liamidi ní òun yóò jẹ́ iṣẹ́ náà fún un.