Bí Ṣẹ̀gẹ̀dẹ̀ Ṣe Gbé Mi Dé Ìbàdàn

Ìdájí ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Bísí, kúrò nílé wa ní Ikosi. Ojota la ti wọ mọ́tò Ìbàdàn. Iwájú ni mo jókòó sí, dírẹ́bà sì wà lápá òsì mi. Ó sọ̀rọ̀ títí, ó gbá mi léjìká.

“Madam, ṣé ẹ̀ ń bá mi yodì ni?”

“Etí yẹn ti kú.”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ṣẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló fà á. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ nílé ìwé ní Ketu ló kó o ràn mí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú. Nígbà tó rọlẹ̀ tán, mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, etí òsì mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, àfi ariwo kan tó ń kùn nínú rẹ̀ bí ẹ̀fọn. Mo sáré lọ bá oníkẹ́mísìtì àdúgbò wa. Kò tilẹ̀ yọjú wo inú etí náà. Ó ní ìdọ̀tí ló dí i, ó fún mi ní oògùn tí n ó máa kán sí i. Mo kán an títí oṣù fi lé. Nígbà tí kò là, Àǹtí Bísí ní ká lọ sí ọsibítù ńlá tó wà ní Ìbàdàn.

Lẹ́yìn Ìbàfò, kòtò ló pọ̀ ju ọ̀dà lọ. Ní Ògèrè, tírélà tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ súà. Nígbà tá a dé Ìbàdàn, a ra ẹ̀kọ àti àkàrà nítòsí ọsibítù. Ewé ni wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ tiwọn. Ti ọ̀dọ̀ wa ti di inú ọ̀rá.

Dókítà obìnrin kan yẹ̀ mí wò dáadáa. Ó mí kanlẹ̀.

“Mummy, ṣẹ̀gẹ̀dẹ̀ náà ló pa á, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ká ní ẹ tètè wá ni, oògùn kan wà. Mi ò sọ pé ó dájú pé ì bá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n à bá gbìyànjú.”

“Báyìí ńkọ́?”

“Ó ti pẹ́ jù, ma.”

À bá gbìyànjú! Ọ̀rọ̀ yẹn ló bá mi wọkọ̀ padà. Àǹtí Bísí ní kí n fi í sílẹ̀ f'Ọ́lọ́run. Mo ní, “Àǹtí, ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́.” Mi ò sọ irú ẹ̀ sí wọn rí.

Mi ò tíì délé tí mo fi yà sí kẹ́mísìtì. Èrò kún ibẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, Mummy. Ṣé etí ti là?”

“Ó ti kú! Ṣẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló pa á, ìwọ sì ní ìdọ̀tí ni!”

“Ẹ ṣe sùúrù, Mummy. Ẹ̀ ń pariwo.”

Mò ń pariwo lóòótọ́. Mo kọjú sí àwọn oníbàárà rẹ̀: “Tí etí yín bá dédé di, ẹ má jẹ́ kó kán nǹkan kan sí i. Ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gba ọsibítù lọ!”

Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó jáde. Òmíràn tẹ̀ lé e.

Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Mo ní láti rìn dé Ìbàdàn kí n tó mọ̀ pé sùúrù kì í ṣe dókítà.